Iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n: ìbéèrè tí àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ máa ń bi wá

Àwọn ìyá tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà kóòtù ní Ṣágámù ló ń bi wá ní èyí tó pọ̀ jù. Àwọn olóyè àdúgbò ní Ìjẹ̀bú-Òde náà ń béèrè, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí wọ́n jí ẹrù wọn, tí inú ń bí, tí wọn ò sì fẹ́ gbọ́ pé olè kankan ò ní lọ sẹ́wọ̀n. Ohun tí gbogbo wọn fẹ́ mọ̀ ni bóyá adájọ́ lè fún ẹni tó jẹ̀bi ní iṣẹ́ ìlú, ìyẹn iṣẹ́ tó máa ṣe fún àdúgbò, dípò ẹ̀wọ̀n, àti ohun tí kóòtù àdúgbò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́. Mo ti gbìyànjú láti dá gbogbo wọn lóhùn níbí. Ibi tí mo bá ti dárúkọ iye ọjọ́ tàbí iye owó, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA, ni mo ń tọ́ka sí. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní òfin tirẹ̀ tó gba ọ̀nà kan náà, òun sì ni adájọ́ wa níbí máa ṣí wò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín ka ti Ògùn fún yín kí ẹ tó gbójú lé iye kankan.

Kí tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kóòtù àdúgbò?

Kóòtù ni, adájọ́ gidi ló jókòó níbẹ̀, òfin ló sì ń tẹ̀ lé. Ohun tí adájọ́ lè ṣe lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá ti dá ẹnì kan lẹ́bi ló yàtọ̀. Ní kóòtù tí gbogbo wa mọ̀, bí kì í bá ṣe owó ìtanràn, ẹ̀wọ̀n ló sábà máa ń jẹ́. Níbí, adájọ́ lè ní kí ẹni náà ṣiṣẹ́ fún àdúgbò tó bà jẹ́, kó lọ gba ìtọ́jú lórí oògùn olóró tó ń lò, kó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kó bẹ ẹni tó ṣẹ̀, kó sì máa padà wá síwájú òun láti wá sọ ibi tó bá a dé.

Ìlú New York ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1993, ní Midtown, àárín Manhattan níbi tí èrò ti ń rọ́ lọ rọ́ bọ̀. Ẹjọ́ kéékèèké ni wọ́n ń gbọ́: ẹni tó jí nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tajà níbi tí kò gbàṣẹ, ẹni tó kọ ìkọkúkọ sára ògiri. Èyí tí òkìkí rẹ̀ wá kàn jù ni ti Red Hook ní Brooklyn, tí wọ́n ṣí ní 2000. Ikú ló bí i. Ní 1992, ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀, Patrick Daly, jáde lọ wá ọmọ iléèwé rẹ̀ kan tó bínú kúrò ní kíláàsì. Àwọn kan ń yìnbọn síra wọn, ọta ìbọn sì bá a, ó kú. Àdúgbò náà ò lè gbà á mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n tún ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì àtijọ́ kan ṣe, wọ́n sọ ọ́ di kóòtù. Adájọ́ kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹjọ́ ẹbí àti ẹjọ́ onílé òun ayálégbé, nítorí pé ìdílé kan náà ni gbogbo wọn sábà máa ń ti wá. Nínú ilé kan náà ni àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó ń lo oògùn olóró wà, pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́ni ní ìwé àti iṣẹ́. Ẹni tí adájọ́ bá ní kó lọ gba ìtọ́jú kò ní wọkọ̀ lọ wá wọn káàkiri. Èyí ni ohun tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ṣé òun náà ni kóòtù ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ń kọra wọn sílẹ̀?

Rárá o. Kóòtù ìbílẹ̀ ń rí sí ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ogún àti irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jí jẹnẹrétọ̀, iwájú Májísíréètì ló ń lọ.

Ṣé irú Red Hook wà ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ?

Ilé tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí. Àṣẹ láti ṣe é ni a ní. ACJA fún adájọ́ lágbára láti fi iṣẹ́ ìlú rọ́pò ẹ̀wọ̀n, ó sì ní kí Adájọ́ Àgbà dá ibùdó iṣẹ́ ìlú sílẹ̀, kí rẹ́jísírà sì máa darí rẹ̀. Ní 2019, òfin tuntun yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí Correctional Service, ó sì pín in sí méjì: apá kan ń ṣọ́ àwọn tó wà nínú ọgbà, apá kejì ń bójú tó àwọn tó ń jẹ ìyà tiwọn níta, ìyẹn àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìlú, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ ìwà wọn, àti àwọn tí wọ́n ń bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ làjà.

Ohun tí a ò tíì ní ni ìrànlọ́wọ́. Kí wọ́n fún ọmọ ní ìgbálẹ̀ rọrùn. Ta ló máa bá a débi tí ìwà yẹn ti ń wá?

Ọmọ mi jí fóònù. Ṣé wọ́n lè fún un ní iṣẹ́ ìlú?

Ó ṣeé ṣe. Òfin ní ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ bá ju ẹ̀wọ̀n ọdún 3 lọ, iṣẹ́ ìlú kò sí fún un. Olè jíjà tí kò ní ohun mìíràn tó mú un wúwo, ọdún 3 ni ìjìyà rẹ̀ nínú ìwé òfin, nítorí náà kò tíì kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó fọ́ ilé wọlé lóru, tàbí ó yọ ọ̀bẹ sí ẹni tó ni fóònù, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí àdá, ìbọn tàbí ohun ìjà kankan bá wà nínú rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ ìlú, bẹ́ẹ̀ náà ni ìfipábánilòpọ̀ àti gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀. Àwọn òbí kan ní Ṣágámù ti bẹ̀ wá pé ká bá àwọn sọ fún adájọ́ kó fojú fo àdá tí wọ́n bá lọ́wọ́ ọmọ àwọn. A ò lè ṣe é. Adájọ́ pàápàá kò lágbára rẹ̀.

Ẹ rántí pé kì í ṣe ẹ̀tọ́ yín. Adájọ́ lè gbà, ó sì lè kọ̀. Òfin ní kó wo bóyá ẹlẹ́ṣẹ̀ yìí, tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kéré, yóò lọ dàpọ̀ mọ́ àwọn ògbójú ọ̀daràn bí òun bá rán an lẹ́wọ̀n, kó sì tún wo bí ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣe kún tó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n wa kún lóòótọ́. Káàkiri Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà nínú ọgbà ni kóòtù kò tíì dá lẹ́bi. Wọ́n kàn ń dúró de ẹjọ́ ni.

Irú iṣẹ́ wo ni?

Òfin dárúkọ gígé koríko, fífọ kótà, gbígbá àyíká, fífọ àwọn ibi tí gbogbo ayé ń lò, ríran àgbẹ̀ lọ́wọ́, iṣẹ́ ìkọ́lé, àti iṣẹ́ mìíràn tí adájọ́ bá rí i pé ó lè tún ìwà ẹni náà ṣe. Kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 5 lọ lóòjọ́, kò sì gbọ́dọ̀ ju oṣù 6 lọ. Ibi tó sún mọ́ ilé ẹni náà ló yẹ kí wọ́n ti fún un ṣe, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n lè máa rí i.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn jẹ́ ní Sábó, Ṣágámù. Aago mẹ́jọ, ọmọkùnrin kan bọ́ bàtà, ó wọ kótà ẹ̀gbẹ́ ọjà pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Nylon píọ̀ wọ́tà ló kọ́kọ́ ń jáde, lẹ́yìn náà àpò sìmẹ́ǹtì tó ti di òkúta, lẹ́yìn náà èèpo obì tó ti jẹrà tó ń rùn bí ìgbẹ́. Àwọn obìnrin oníṣòwò ń wò ó. Ọ̀kan nínú wọn mọ ìyá rẹ̀. Kó tó di aago mọ́kànlá, ó ti gbé omi fún un. Aago kan, ó fọ ẹsẹ̀, ó bu ọwọ́ lùwé lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó lọ. Ọ̀sán ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀: bó bá ní iṣẹ́ wẹ́dà tó ń kọ́, ó lè padà síbẹ̀, bó bá jẹ́ ọlọ́kadà, ó ṣì lè pa owó díẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ní Ìjẹ̀bú-Òde kò lè ṣe ìkankan nínú ìyẹn, ìyá rẹ̀ ló sì ń wọkọ̀ lọ gbé oúnjẹ fún un.

Wọ́n ní kí n wá dúró fún un. Kí ló máa ná mi?

Òfin béèrè onídùúró, ẹbí tàbí ẹlòmíì tó jẹ́ ẹni iyì tó sì lọ́wọ́ lọ́wọ́ díẹ̀. Bí ọmọ náà bá sá, ìwọ onídùúró lo máa mú un wá. Bí o kò bá lè mú un wá, wọ́n lè bu owó lé ọ, ₦100,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má fi ojú àánú nìkan dúró fún ẹnikẹ́ni.

Mo wà ní kóòtù ní ọjọ́ tí bàbá kan wá dúró fún ọmọ àbúrò rẹ̀. Agbádá rẹ̀ dára, ó ní ilé, ó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́. Adájọ́ ò wo ìwé ilẹ̀ rárá. Ó bi í pé, "Bàbá, níbo ni ọmọ yìí sùn lánàá?" Bàbá ò mọ̀. "Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀?" Bàbá wo ọmọ, ọmọ wo ilẹ̀. Adájọ́ ní kí wọ́n lọ wá ẹlòmíì. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ náà ní iṣẹ́ fọganáísà ló wá padà, pẹ̀lú epo lára aṣọ, tí ó sì lè dárúkọ gbogbo àwọn tí ọmọ náà ń bá rìn. Adájọ́ gbà á. Mo rò pé ó tọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú bàbá náà bàjẹ́ gidigidi.

Ṣé ẹ̀sín kọ́ ni, kí ọmọ Ìjẹ̀bú máa gbá ọjà?

Ẹ̀sín ni. Mi ò ní parọ́ fún yín. Àwọn kan ti sọ fún wa pé ó sàn kí ọmọ àwọn wà lẹ́wọ̀n níbi tí ojú ò ti tó o, ju kí àwọn ará àdúgbò máa rí i nínú kótà. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wá. Àwa tí a mọ bí a ti ń múra Ojúde Ọba mọ ohun tí ojú ayé jẹ́. Ṣùgbọ́n ojú tó ń tini yìí ni òfin ń gbára lé nígbà tó ní kí iṣẹ́ náà sún mọ́ ilé. Ẹni tó gbé omi fún ọmọ yẹn ní Sábó ló máa kọ́kọ́ kígbe bó bá tún fọwọ́ kan ẹrù ẹlòmíì.

Níbi tí mo ti yapa sí àwọn tó fẹ́ràn ètò yìí ni pé ẹ̀sín lásán kò tún ìwà ẹnikẹ́ni ṣe. Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn máa ní kí wọ́n ya fọ́tò irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sórí Facebook. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọmọ ọdún 19 tí fọ́tò rẹ̀ ti wà níta pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "olè" lábẹ́ rẹ̀, ta ló tún máa gbà á síṣẹ́ nígbà tó bá parí oṣù 6? Ẹ ti lé e padà sọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ ọ lólè nìyẹn.

Èmi ni wọ́n jí ẹrù mi. Kí ni tèmi nínú gbogbo èyí?

Inú yín ní láti bí yín, nítorí pé bí a bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan la máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kò dá jẹnẹrétọ̀ padà fún ẹnikẹ́ni. Adájọ́ ní agbára láti ní kí ẹni tó jẹ̀bi san owó gbà-má-bínú fún yín, tàbí kó dá ohun tó mú padà, ó sì lè fi èyí kún ìjìyà mìíràn. Ẹ ní kí agbẹjọ́rò ìjọba béèrè fún un kí adájọ́ tó dájọ́ ìkẹyìn. Tí ẹ bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ kọjá lórí yín.

Àwọn bàbá wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ní Red Hook, wọ́n ní ètò kan tí wọ́n mú lọ́dọ̀ àwọn Navajo, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà: ẹni tó ṣẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, àti àwọn àgbà àdúgbò jókòó yípo, oníkálukú sọ tẹnu rẹ̀ títí tí wọ́n fi fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ẹlẹ́ṣẹ̀ máa ṣe. Ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá mú yín jókòó bẹ́ẹ̀. Ẹ lè kọ̀.

Ṣé Òṣùgbó kọ́ ló ń ṣe eléyìí tẹ́lẹ̀?

Òṣùgbó, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìlú láyé àtijọ́, ń dá ẹjọ́, òótọ́ ni. Àpènà ló ń pe ìpàdé, àwọn ìwàrẹ̀fà ló ń gbìmọ̀, wọ́n sì ń gba owó ìtanràn, ẹran àti ọtí lọ́wọ́ ẹni tó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ló ń dá ẹjọ́ ikú. Àwọn tó ń sọ pé ìdájọ́ àwọn baba wa rọ̀ bí òwú kò sọ ìtàn náà tán. Lẹ́yìn ogun Ìmágbọn ní 1892, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, agbára yẹn bọ́ lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí a lè mú níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń dá ẹjọ́ tí kò mọ ìdílé ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Èyí ni kóòtù àdúgbò ń wá. Mo sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tó ní oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè gba ọmọ méjì-mẹ́ta síṣẹ́ lọ́dún. Owó aṣọ ẹbí ọdún kan péré lè ra irinṣẹ́ fún wọn. Ẹ má bínú sí mi.

Ṣé a ò kúkú lè parí ẹ̀ láàfin?

Ìjà aládùúgbò, gbèsè, ọ̀rọ̀ èébú: ẹ parí ẹ̀, ọba àti olóyè wa ń ṣe iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kò sí lára wọn. Òfin ka ẹni tó bá gba owó tàbí nǹkan kó lè bo ẹ̀ṣẹ̀ ńlá mọ́lẹ̀ sí ọ̀daràn. Bí wọ́n bá fipá bá ọmọ yín lò pọ̀, tí àgbà kan sì ní kí ẹ gba owó kí ẹ dákẹ́, teṣán ni kí ẹ gbà lọ.

Oògùn olóró ló ba tèmi jẹ́. Ṣé iṣẹ́ ìlú máa wò ó sàn?

Kò lè wò ó. Ọmọ tó ń jalè kó lè ra kọ̀lọ̀rádò máa fọ kótà lówùúrọ̀, yóò tún jalè nírọ̀lẹ́. Ìbéèrè yìí ló jẹ́ ká mọ̀ bóyá kóòtù àdúgbò la ń ṣe àbí ìgbálẹ̀ la kàn ń pín. Ní Red Hook, adájọ́ lè rán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ìtọ́jú, kó sì máa pè é padà, kó wo bó ṣe ń lọ. Níbí, ẹ̀yin ẹbí lẹ gbọ́dọ̀ fa ìtọ́jú náà wọlé. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti mú. Ẹ gbé e lọ kí ẹjọ́ tó parí, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí lọ́yà gbé e síwájú adájọ́. Ẹ lè ní kí adájọ́ fi ìtọ́jú náà kún ohun tó máa pa láṣẹ. Ilé àdúrà tí wọ́n ti ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ọmọ mọ́lẹ̀ kì í ṣe ìtọ́jú o.

Kò tíì pé ọdún 18.

Ẹ sọ ọ́ láti teṣán. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ògùn ti sọ di tirẹ̀, kò gbà kí wọ́n rán ọmọdé lẹ́wọ̀n. Kóòtù ẹbí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ. Ìwé ìbí rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ẹkún yín lọ, ẹ wá a jáde.

Tó bá pa iṣẹ́ náà tì ńkọ́?

Adájọ́ lè fagi lé àṣẹ iṣẹ́ ìlú, kó sì rán an lẹ́wọ̀n.

Ṣé wọ́n á ṣì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀daràn ni?

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìlú, kóòtù ti dá a lẹ́bi, ó sì wà nínú ìwé. Ọ̀nà kan tó fúyẹ́ jù ú lọ wà: bí adájọ́ bá wo ọjọ́ orí ẹni náà, ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá àti bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe kéré tó, ó lè dá a sílẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn pé kó máa hùwà dáadáa, láìkọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jẹ̀bi. Ẹ bi lọ́yà yín nípa ìyẹn ṣáájú.

Ṣé ó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́?

Níbi kan, ó ṣiṣẹ́. Àwọn olùwádìí tó yẹ Red Hook wò gbé àbájáde wọn jáde ní 2013: àwọn àgbàlagbà tó gba ibẹ̀ kọjá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí àwọn tó lọ sí kóòtù àárín ìlú ní ti pípadà dẹ́ṣẹ̀, ti àwọn ọmọdé jẹ́ ìdá 20. Ti Collingwood ní Melbourne, Ọsirélíà, tí wọ́n ṣí ní 2007, ṣì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ní Liverpool, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbìyànjú rẹ̀, wọ́n sì tì í pa ní 2014. Ìjọba ní owó tó ń gbà pọ̀, ẹjọ́ tó ń wọlé ń dín kù, kò sì sí ẹ̀rí pé àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá ń yé dẹ́ṣẹ̀ ju àwọn tó lọ sí kóòtù mìíràn lọ. Kí àwọn tó ń pariwo pé ká kọ́ irú ilé yìí sí Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde rántí Liverpool. Ká kọ́kọ́ ní ẹni mẹ́ta tó ń bẹ ilé àwọn ọmọ wọ̀nyí wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó sàn fún mi ju ilé alájà méjì lọ.

Kí ni kí n mú lọ sí kóòtù?

Tí ẹ kò bá lè san owó lọ́yà, ẹ wá ọ́fíìsì Legal Aid Council, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò ní. Ẹ mú onídùúró tó mọ ọmọ náà gan-an, ìwé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ tàbí iléèwé rẹ̀, ìwé dókítà bí ó bá ń gba ìtọ́jú, àti owó tàbí ohun tí ẹ fẹ́ fi san ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti ní ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kó tó kéde ìjìyà, ni lọ́yà máa ń rí àyè sọ̀rọ̀ fún un. Ìgbà yẹn ni kó béèrè fún iṣẹ́ ìlú, kó sì dárúkọ iṣẹ́ náà, ibi tó wà, àti ẹni tó máa ṣọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kó kàn bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Aago mẹ́sàn-án ni kóòtù sábà máa ń jókòó, kí onídùúró ti dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù.